“Bí…Bá” Kan Ṣoṣo, Mẹ́rin ní Jàpáànù: Ìbéèrè Yín Lórí Gírámà JLPT

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje àti ti oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe ìdánwò èdè Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní JLPT. Ìpele márùn-ún ló ní: N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí rẹ̀, gírámà ló pọ̀ jù, òun nìkan la sì fi ojú ìwé yìí ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jókòó fún N2, mo gba 88. Ọ̀rọ̀ àti gírámà 27, kíkà 25, gbígbọ́ 36. Wọ́n kọ “B” síwájú ọ̀rọ̀, wọ́n kọ “C” síwájú gírámà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé gírámà mi tán! Kí ló ṣẹlẹ̀? — Ẹni tí máàkì méjì já kulẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Máàkì 90 nínú 180 ni wọ́n fi ń yege N2, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ tó 19 nínú 60. Ìpín yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá 19, àpapọ̀ ló dín. Lẹ́tà A, B, C yẹn kò sí nínú ìṣirò yíyege. Iye ìbéèrè tí ẹ gbà ló ń sọ: A ni ẹni tó gba ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún sókè, B ni 34 sí 66, C ni ẹni tí kò tó 34. Gírámà N2 máa ń tó bí ìbéèrè 22. Nítorí náà, C túmọ̀ sí pé ẹ kò gbà ju méje lọ. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ní ìdáhùn mẹ́rin, ẹni tó bá dijú mú yóò gba márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà le létí, àmọ́ ìwé tí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì fi ìbéèrè kan tàbí méjì péré ju dídijú mú lọ.

Ìwé kíkà kọ́ yín ní ìtumọ̀. Ìdánwò kò béèrè ìtumọ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò kó mẹ́rin tó jọra síwájú yín, yóò sì fi ọ̀rọ̀ tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e yọ mẹ́ta dànù. Ẹ wo èyí:

明日は試験だから、今夜は遊んでいる＿＿。

Àwọn ìdáhùn: わけだ, わけがない, わけではない, わけにはいかない. Ẹni tó há a sórí pé わけ jẹ́ “ìdí” kò rí nǹkan kan dì mú. わけがない ni “kò sí bó ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀”: あの人が嘘をつくわけがない, kò sí bí ẹni yẹn ṣe máa parọ́. わけではない ni “kì í ṣe pé”: 嫌いなわけではない, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. わけにはいかない ni ti ẹni tó lè ṣe nǹkan náà bó bá wù ú, àmọ́ tí ipò tó wà kò gbà á láyè. Ìdánwò ń bẹ lọ́la, eré kò ṣeé ṣe lálẹ́ yìí: ìkẹrin ni. Ẹ tún wo な tó wọ àárín 嫌い àti わけ. Wọ́n fẹ́ràn láti fi irú な bẹ́ẹ̀ mú èèyàn.

Ẹ má ka ìwé náà nígbà kẹta. Ẹ gé káàdì, ẹyọ kan fún gírámà kan, ìlà mẹ́ta péré lórí rẹ̀. Ìlà kìíní: kí ló ń ṣáájú rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ wo, ní ìrísí wo? Ìlà kejì: kí ni kò lè tẹ̀ lé e? Ìlà kẹta: gbólóhùn kan tó kúrú tí ẹ lè sọ láìwòwé. Àpẹẹrẹ kan rèé fún とたん. Ìlà kìíní: ọ̀rọ̀ ìṣe tó parí sí た nìkan. Ìlà kejì: ohun tí èèyàn pinnu, àṣẹ, ẹ̀bẹ̀. Ìlà kẹta: ドアを開けたとたん、猫が飛び出した, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí ni ológbò fò jáde. Ìlà kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀, òun gan-an ni ìdánwò sì ń béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní kọ 家に帰ったとたん、勉強しよう láé; yóò kọ 家に帰ったらすぐ勉強しよう.

Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá ṣi ìbéèrè kan, ẹ má kọ ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan sílẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí èyí tí ẹ mú fi kùnà. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ kò tíì mọ gírámà náà.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ gbogbo gírámà N3, èyí tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò fúnra wọn fọwọ́ sí?

Ìdáhùn: Kò sí. Kí wọ́n tó tún ìdánwò náà tò ní 2010, ìpele mẹ́rin ló ní, wọ́n sì máa ń tẹ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n lè béèrè jáde. Nígbà tó di ìpele márùn-ún, N5 títí dé N1, wọn kò tẹ irú rẹ̀ mọ́. N3 pàápàá, ọdún yẹn ló dé. Òye olúkúlùkù òǹkọ̀wé ló wà nínú gbogbo àkọsílẹ̀ “N3” tí ẹ ń rí, ìdí nìyẹn tí gírámà kan fi jẹ́ N3 nínú ìwé kan tó sì jẹ́ N2 nínú òmíràn. Ẹ mú ìwé kan, ẹ dìrọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ti ìwé dé ìwé kì í parí ọ̀kankan. Ojúlówó tó wà ni ìwé ìdánrawò tí Japan Foundation àti JEES, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà, gbé jáde ní 2012 àti 2018. Ẹ má fi wọ́n kọ́ gírámà o. Ẹ fi wọ́n pamọ́ títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè ṣe wọ́n láìmọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: N4 ni mò ń múra sílẹ̀ fún. と, ば, たら, なら: “bí…bá” ni mo kọ síwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé mi. Bí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìdánrawò, èyí tó bá wù mí ni mò ń mú. Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? — Ọ̀dájú akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ kọ síwájú wọn yẹn gan-an ló ń ṣe yín. “Bí…bá” kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ máa wo ìparí gbólóhùn.

と ń sọ ohun tí kò lè ṣàì tẹ̀ lé òmíràn. このボタンを押すと、切符が出ます: ẹ tẹ bọ́tìnì, tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ẹnikẹ́ni kò pinnu rẹ̀. Nítorí pé kò sí ìpinnu nínú rẹ̀, ìparí rẹ̀ kò lè jẹ́ àṣẹ, ẹ̀bẹ̀ tàbí ìfẹ́ inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti rí てください, ましょう, たい tàbí つもりです lópin, ẹ fagi lé と láìwẹ̀yìn.

ば ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí èkejì tó lè wáyé. 安ければ買います, bí owó rẹ̀ kò bá wọ́n, màá rà á. Òun náà kì í fẹ́ àṣẹ lópin bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ ìgbésẹ̀ ló ṣáájú: 駅に着けば電話してください kò dún dáadáa, 着いたら ló yẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe tàbí ipò bíi ある, kò séwu: 時間があれば、来てください.

たら ni ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn. Ohun àkọ́kọ́ parí, èkejì tẹ̀ lé e, àṣẹ ni o, ẹ̀bẹ̀ ni o. Ó tilẹ̀ lè sọ ohun tó ti kọjá: 窓を開けたら、雪が降っていた. Níbí, “bí…bá” fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. “Bí mo ṣe ṣí fèrèsé, yìnyín ti ń bọ́” la máa sọ. Ẹ rí i pé ìtumọ̀ inú ìwé yín kò tilẹ̀ gbé たら kan dé ilé.

なら ló ń ṣòro jù, nítorí pé ó lè yí bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra padà. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún awakọ̀ ní Jàpáànù, ó sì kọ́ni ju ojú ìwé mẹ́ta lọ:

乗るなら飲むな、飲んだら乗るな。

“Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ wakọ̀, má mutí; bó o bá ti mutí, má wakọ̀.” Ní apá kìíní, wíwakọ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀, ọtí tó yẹ kó yẹra fún ló ṣáájú ọkọ̀. Ní apá kejì, ọtí ti wọnú tán, ọkọ̀ ló kù. Ẹ wá fi たら sí apá kìíní wò: 乗ったら飲むな. Ó ti di “bó o bá ti wọkọ̀, má mutí”, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó mutí kó tó wọkọ̀ kò rú òfin. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè: èwo nínú méjèèjì ló máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ ti apá kejì, なら nìkan ló kù. Bákan náà ni bí ẹ bá ń dáhùn ohun tí ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: 京都に行くなら、新幹線が便利です, “bó bá jẹ́ pé Kyoto lẹ ń lọ, Shinkansen (ọkọ̀ ojú irin ayára) ló rọrùn”. Ẹnìkan ti dárúkọ Kyoto kí gbólóhùn yìí tó jáde.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìṣe kan, 着く fún àpẹẹrẹ, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìparí tí àwọn yòókù kò lè gbà. Yóò gbà yín ní ogún ìṣẹ́jú, orí yóò sì fọ́ yín díẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ìbéèrè tó ní ìràwọ̀ (★) ń jẹ àkókò mi. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ tò ni n kò lè tò wọ́n.

Ìdáhùn: Ohun tí ìbéèrè yìí ń fẹ́ ni pé kí ẹ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú àlàfo mẹ́rin, kí ẹ sì mú nọ́ńbà èyí tó bọ́ sójú ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ ká tò ọ̀kan pa pọ̀.

昨日 ＿ ＿ ★ ＿ もう読み終わりました。
1 友だちに　2 本を　3 貸して　4 もらった

Ẹni tó ń fi Yorùbá ronú máa ń fẹ́ gbé 本を síwájú, nítorí “ìwé tí ọ̀rẹ́ mi yá mi lánàá” la máa ń sọ: ìwé ló ń ṣíwájú, “tí” àti àlàyé tẹ̀ lé e. Ní Jàpáànù, àlàyé ló ń ṣíwájú, ìwé kẹ́yìn, kò sì sí “tí” kankan láàárín. Bí ẹ bá fi 本を ṣáájú, もらった ni yóò kángun sí もう, yóò sì dúró gbangba láàárín gbólóhùn láìsí ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń ṣàpèjúwe. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. 読み終わりました ń wá ohun tí wọ́n kà: 本を ló kẹ́yìn. もらった wà ní ìrísí tó lè ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ orúkọ, ó lọ síwájú 本を. て ara 貸して ń wá もらった. 友だちに, ẹni tí wọ́n ti gba oore, ló bẹ̀rẹ̀. 1, 3, 4, 2. Ìràwọ̀ wà ní ipò kẹta, ìdáhùn ni 4. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìràwọ̀ ń wà ní ipò kẹta, nítorí náà ẹ máa wò ó. Ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ìwé ìbéèrè kí ẹ tó kun ìdáhùn. Àwọn tó ń tò ó sórí ló sábà máa ń tò ó bó ṣe yẹ, kí wọ́n wá kun ti ipò kejì.

Ìbéèrè: Mo rí 結婚しています. Ṣé wọ́n ṣì wà níbi ìgbéyàwó ni?

Ìdáhùn: Rárá, wọ́n ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́! ている kì í ṣe “ń” ní gbogbo ìgbà. Bí ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń sọ bá gba àkókò, bíi 食べる tàbí 読む, “ń” ni: ó ń jẹun, ó ń kàwé. Bó bá jẹ́ ìyípadà ojú ẹsẹ̀, bíi 結婚する, 死ぬ, 来る, 開く, “ti” ni: ó ti ṣègbéyàwó, ó ti kú, ó ti dé, ó ti ṣí sílẹ̀. Ẹ fi 窓が開いている wé 窓が開けてある. Ti àkọ́kọ́, fèrèsé kàn wà ní ṣíṣí. Ti èkejì, ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i fún ìdí kan. Wọ́n fẹ́ràn ìyàtọ̀ yìí ní N4.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀rẹ̀, は àti が ti fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀kọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ N5

Ìdáhùn: Ẹ má lọ o. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé “Ta ló wá?”, “Tanaka ló wá” lẹ máa dáhùn, kò sẹ́ni tó ń dáhùn pé “Tanaka wá.” “Ni” tó fara pamọ́ sínú “ló” yẹn ni が: 誰が来ましたか。田中さんが来ました。Bí 誰, 何 tàbí どれ bá jẹ́ olùwà, が ló ń gbà, ìdáhùn rẹ̀ náà a sì gba が. Bí wọ́n bá wá béèrè pé “Tanaka ńkọ́?”, ìyẹn ni 田中さんは？, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ ó sì fi は dáhùn: 田中さんは帰りました.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. 好き, 上手, 分かる àti ある máa ń gba が bí “ni” kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà: 猫が好きです. Nínú àlàyé tó ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, が ni, kì í ṣe は: 私が買った本. Ẹ há ìwọ̀nyí sórí bó ṣe wà. Ìyókù yóò yé yín bí ẹ bá ṣe ń kàwé.

Ìbéèrè: Ó ku ọ̀sẹ̀ 12 sí N3 mi, wákàtí kan péré ni mo ní lójúmọ́. Báwo ni kí n ṣe pín in?

Ìdáhùn: Gírámà tuntun mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: 150 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù wà fún ìdánrawò pẹ̀lú aago. Nínú wákàtí náà, ẹ lo ìṣẹ́jú 15 fún káàdì àtijọ́, 20 fún mẹ́ta tuntun, 15 fún ìbéèrè mẹ́wàá, kí 10 tó kù jẹ́ fún àyọkà kékeré kan tí ẹ ó ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo gírámà tí ẹ bá dá mọ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ń padà wá lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kọkànlélógún. Lọ́jọ́ kẹfà ọ̀sẹ̀, èyí tí ẹ ṣì nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ọjọ́ keje, ẹ sinmi.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí káàdì àtijọ́ bá ti pọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa àtúnyẹ̀wò tì kí tuntun má bàa dúró. Ìdàkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe: ẹ dín tuntun kù sí méjì tàbí ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ náà. Gírámà 110 tí ẹ mọ̀ dájú sàn ju 150 tó ń dàpọ̀ mọ́ra.

Ẹ má sì kọ́ àwọn ìbejì lọ́jọ́ kan náà. たところ àti たばかり, méjèèjì ni “ṣẹ̀ṣẹ̀”. Ẹ kọ́ たところ lónìí: ní kété tí nǹkan parí, 今、着いたところです. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ tó mú たばかり wá, èyí tó ń wo bó ṣe rí lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: 去年結婚したばかりです kò lábùkù bí ọdún kan tilẹ̀ ti kọjá, たところ kò sì lè wọ ibẹ̀.

Ìbéèrè: まで àti までに ńkọ́?

Ìdáhùn: 5時まで待ちます: màá dúró títí di agogo márùn-ún. 5時までに出します: màá fi sílẹ̀ kí agogo márùn-ún tó lù. Ohun tó ń bá a lọ ló ń gba まで, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń gba までに.

Ìbéèrè: Mi ò rí àyọkà tó kẹ́yìn kà ní N2 tó kọjá, àkókò ti tán. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ni?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú 105 ni fún ọ̀rọ̀, gírámà àti kíkà pa pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún yín pé ó tó àkókò láti kúrò ní apá kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba 15, kí gírámà gba 20 ó pẹ́ tán, kí kíkà ní 70 tó kù. Láti ẹ̀yìn tàbí láti iwájú kò ṣe nǹkan, bí ẹ bá ti ń wo aago. Ẹni tó mọ gírámà kan ń dáhùn rẹ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi àmì sí i, ẹ kọjá. Àyọkà tó ní àlàfo nìkan ni kí ẹ má kánjú sí: ẹ kà á tán ná, torí ìdáhùn àlàfo kan lè wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì fo ìbéèrè kan, ẹ fo ìlà rẹ̀ náà nínú ìwé ìdáhùn. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn ní ìbéèrè kẹtàlélọ́gbọ̀n ti kun gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e sí ojú ìlà ẹlòmíràn, ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn kò sì tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.